Ṣé báńkì ìdókòwò Amẹ́ríkà lè rán ènìyàn wá gba owó ẹgbẹ́ wa ní Òṣogbo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mò ń tọ́jú owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa oníṣòwò aṣọ kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Ọkùnrin kan wá bá wa ní ìpàdé, ó wọ kóòtù, ó sì mú lẹ́tà dání tí orúkọ báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà wà lórí rẹ̀. Ó ní báńkì ìdókòwò ni, pé òun ni aṣojú wọn fún gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí a bá kó owó sílẹ̀, wọn yóò máa san èrè 12% fún wa lóṣooṣù. Ọmọ mi wá orúkọ báńkì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní báńkì gidi ni, ó sì ti pẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú wa lójú. Kí ni báńkì ìdókòwò ń ṣe gan-an? Àwọn wo ló wà láyé? Ṣé àwa tí a wà ní Òṣogbo lè bá wọn da nǹkan pọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú owó ẹgbẹ́ o, ìyá wa. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Bí ẹnìkan nínú yín bá ti san nǹkan, ohun tí ẹ ó ṣe wà nísàlẹ̀.

Ọmọ yín kò purọ́. Báńkì náà wà lóòótọ́. Àmọ́ pé báńkì wà kò ní kí ẹni tó gbé orúkọ rẹ̀ wá sọ́jà yín jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ tí báńkì ìdókòwò ń ṣe, ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ fún un, àti ọwọ́ ẹni tí owó ń wà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti jìn sí kòtò.

Báńkì tí ẹ mọ̀, èyí tí ẹ máa ń tò sí, ń gba owó lọ́wọ́ yín, ó ń yá a fún ẹlòmíràn, ó sì ń jẹ èrè tirẹ̀ láàárín èlé tó ń gbà àti èyí tó ń san. Báńkì ìdókòwò kò rí bẹ́ẹ̀. Alárenà ni. Ìjọba kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan wà níhìn-ín tó ń wá owó ńlá. Àwọn olówó wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fi owó sí. Òun ló wà láàárín tó ń wádìí ìdí ilé tọ̀tún-tòsì, tó ń ṣètò ìwé, tó ń dá iye lé ọjà, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe onídùúró pàápàá, pé bí ọjà náà kò bá tà tán, òun yóò ra èyí tó kù. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì fẹ́ ra òmíràn, tàbí tí méjì fẹ́ dàpọ̀, òun náà ni wọ́n ń pè kó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹni tó ń wá owó, tàbí ẹni tó fẹ́ rà tàbí tó fẹ́ tà, ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń wá yìí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni oníbàárà rẹ̀. Kì í ṣe oníṣòwò tó ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹ̀rún náírà tó fẹ́ kó bímọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn yín. Ní ìparí ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà lọ wá bílíọ̀nù 2.2 dọ́là lójú ọjà àgbáyé. Eurobond ni wọ́n ń pe irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Àwọn báńkì tó bá wọn tà á ni Citigroup, Goldman Sachs, J.P. Morgan, Standard Chartered, àti Chapel Hill Denham tó jẹ́ ti ilé wa ní Èkó. FSDH Merchant Bank, tó wà ní Èkó bákan náà, ló gba ìjọba nímọ̀ràn. Wọ́n pín gbèsè náà sí méjì: mílíọ̀nù 700 dọ́là fún ọdún mẹ́fà àbọ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ 9.625% lọ́dún, àti bílíọ̀nù 1.5 fún ọdún 10, èlé tirẹ̀ jẹ́ 10.375% lọ́dún. Goldman Sachs ń bá Nàìjíríà ṣòwò lóòótọ́, bí òwò náà sì ṣe rí nìyẹn.

Ẹ wá gbé èlé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlérí ọkùnrin yìí. Ìjọba tó ní epo rọ̀bì lẹ́yìn ń san nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là fún odidi ọdún kan, ariwo sì ta pé ó wọ́n. Èyí tí ọkùnrin yìí ń sọ jẹ́ 12 lóṣù kan, ìyẹn 144 lọ́dún. Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè ní dọ́là yàtọ̀ sí náírà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kódà ní náírà, nígbà tí èlé gun òkè ní 2024, ohun tí ẹni tó ra treasury bill (ìwé gbèsè ìgbà kúkúrú) ọlọ́dún kan lọ́wọ́ ìjọba ń rí kò dé 30 lórí ọgọ́rùn-ún. Báńkì tó bá lè rí owó yá ní 10 tàbí 30 lọ́dún, kí ló ń wá tí yóò fi wá gbà á lọ́wọ́ yín ní 144?

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni, ẹ wo ti ìpínlẹ̀ wa. Ní 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà, Ọ̀ṣun wá bílíọ̀nù 10 náírà láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Sukuk ni wọ́n tà, ìyẹn ìdókòwò tó bá òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù mu, tí owó-ilé rọ́pò èlé nínú rẹ̀. Ọ̀ṣun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Nàìjíríà. Ọdún méje ni wọ́n fi í ṣe, 14.75% lọ́dún ló sì ń wọlé fún ẹni tó rà á. Lotus Capital ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí gan-an, nítorí a lè fojú rí ohun tí owó náà ṣe: ilé-ẹ̀kọ́ ni, àwọn ọmọ wa ń jókòó nínú rẹ̀. Ìwé wà tó sọ iye owó, ọdún tí yóò gbà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yín.

Ní ti àwọn tó wà láyé, inú yín yóò dùn láti gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ọjà bíi tiyín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lazard bẹ̀rẹ̀ ní 1848 ní New Orleans gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀ aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́. Lehman Brothers bẹ̀rẹ̀ ní Alabama, òwú ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Marcus Goldman, tó dá Goldman Sachs sílẹ̀ ní 1869, ìwé gbèsè àwọn oníṣòwò kéékèèké ló ń rà ní New York, tó sì ń tún un tà fún báńkì. Ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀ ló sọ ọ́ di ńlá.

Lónìí, àwọn tó tóbi jù ni J.P. Morgan, Goldman Sachs, Morgan Stanley, Bank of America àti Citi ní Amẹ́ríkà. Barclays ní Lọ́ńdọ̀nù. Deutsche Bank ní Jámánì. UBS ní Switzerland. Japan ní Nomura, China ní CITIC Securities àti CICC, Australia ní Macquarie. Òfin ló mú kí àwọn kan pínyà: ní 1933 Amẹ́ríkà ya báńkì tó ń gba owó ìfipamọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára báńkì ìdókòwò, ohun tó sì bí Morgan Stanley nìyẹn ní 1935, láti inú ilé J.P. Morgan. Wọ́n tú òfin yẹn sílẹ̀ ní 1999. Ìdí nìyẹn tí J.P. Morgan òde òní fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Àwọn mìíràn wà tí ìmọ̀ràn ni olórí ohun tí wọ́n ń tà: Lazard fúnra rẹ̀, Rothschild, Evercore, Moelis. Wọn kì í gba owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ ará ọjà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣírò owó mẹ́rin tó gbajúmọ̀, Deloitte, PwC, EY àti KPMG, tí wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gba oníṣòwò nímọ̀ràn, tí gbogbo wọn sì ní ọ́fíìsì ní Èkó.

Orúkọ ńlá nìkan kò tó gbára lé o. Lehman Brothers tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti lé ní àádọ́jọ ọdún nígbà tó wó ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Credit Suisse tó ti wà láti 1856, UBS ló gbé e mì ní 2023. Nítorí náà, kódà bí ọkùnrin yẹn bá jẹ́ ìránṣẹ́ gidi, ọ̀rọ̀ “báńkì náà ti pẹ́” kọ́ ni ẹ ó fi gbé owó ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Nílé wa, SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, ló ń fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ. Issuing house ni SEC ń pè wọ́n. Lára wọn ni Stanbic IBTC Capital, Chapel Hill Denham, Vetiva, Cordros, United Capital àti Afrinvest. Àwọn merchant bank, ìyẹn báńkì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ńlá, sì wà lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀, bíi Coronation, FSDH, Rand Merchant Bank àti Greenwich. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé merchant bank gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 50 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò tirẹ̀, ó sì fún wọn títí di ìparí oṣù kẹta ọdún 2026. Bí ẹni tó ní bílíọ̀nù 50 nílẹ̀ bá ń wá owó, kì í rán ọmọkùnrin oníkóòtù kan ṣoṣo wá sí ìpàdé alájẹṣẹ́kù.

Ṣé ẹ̀yin lè bá wọn da nǹkan pọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kò sì nílò owó rẹpẹtẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, MTN Group gbé mílíọ̀nù 575 ìpín MTN Nàìjíríà, tí gbogbo wa ń pè ní ṣíà, jáde láti tà fún aráàlú. Chapel Hill Denham ló ṣáájú. Náírà 169 ni ẹyọ kan, 20 sì ni èyí tó kéré jù tí ènìyàn lè rà, ìyẹn náírà 3,380. Ẹni tó bá rà á, tó sì dì í mú fún ọdún kan, wọ́n fún un ní ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 20 kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ju 250 lọ. Ẹ wo bó ṣe lọ: iye wà ní gbangba, ìwé prospectus tó ṣàlàyé ọjà náà wà, ṣíà náà sì wọ àkáǹtì ẹni tó rà á ní CSCS, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà gbogbo ènìyàn sí lórúkọ wọn. Kò sí ẹni tó ṣèlérí iye kan pàtó lóṣooṣù, nítorí ṣíà lè lọ sókè, ó sì lè wálẹ̀. Ẹni tó bá ní kò lè wálẹ̀ láé, ẹ sá fún un.

Bí ẹ bá tún fẹ́ èyí tó rọrùn jù, tí ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè rẹ̀, FGN Savings Bond wà. Láti 2017 ni wọ́n ti ń tà á, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta, 5,000 náírà ló kéré jù, wọ́n sì ń san èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Alágbàtà ṣíà tó ní ìwé àṣẹ ni ẹ ó gbà rà á. Fún owó ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wá, ibẹ̀ ni èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ padà sórí lẹ́tà yẹn, kí ẹ wo nǹkan mẹ́ta kan. Ẹ wo ibi tí wọ́n ní kí ẹ san owó sí: bí ó bá jẹ́ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì: báńkì ńlá kì í lo Gmail. Ẹ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ SEC, kí ọmọ yín tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì yẹn sì yẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wò lórí sec.gov.ng. Orúkọ báńkì Amẹ́ríkà kọ́ ni kó wá o, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba owó yín níbí ni. Nígbà tí CBEX, ètò ìdókòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, wó ní oṣù kẹrin ọdún 2025, SEC ní wọn kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹni tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú ì bá ti mọ̀.

Bí ọkùnrin náà bá ní NDIC, àjọ adójútòfò owó báńkì, yóò san owó yín padà, irọ́ ni. Owó ìfipamọ́ tó wà nínú báńkì tó ní ìwé àṣẹ ni NDIC ń dúró fún, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ènìyàn kan ní báńkì ńlá, àti mílíọ̀nù méjì ní microfinance. Owó tí ẹ bá fi dókòwò kò sí níbẹ̀.

Èyí tó ti sanwó nínú yín, kí ó lọ sí báńkì tó ti fi owó ránṣẹ́ lónìí, kó mú ẹ̀rí ìsanwó dání, kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró kó tó fò. Lẹ́yìn náà kí ó gbé ẹ̀sùn lọ bá ọlọ́pàá tàbí EFCC ní Ìbàdàn. Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí SEC pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní 2025 ka irú ètò bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn tó ní ẹ̀wọ̀n nínú. Kí ẹ sì ka ìdáhùn yìí sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá sí etí àwọn ìyá àgbà tí wọn kì í wo fóònù, nítorí àwọn ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń lọ bá nílé lẹ́yìn ìpàdé.