Kí ló dé tí pòtásíọ̀mù fi lè dá ọkàn ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kọṣẹ́ dúró?

Pòtásíọ̀mù jẹ́ èròjà kan tó ń wọ ara láti inú oúnjẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pòtásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì àti tinú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń mú iṣan ọkàn ṣiṣẹ́. Nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 pòtásíọ̀mù ara ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìwọ̀nba tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, 3.5 sí 5.0 mmol (mílímóólù, òṣùwọ̀n èròjà) nínú lítà kan, ló yẹ ká máa ṣọ́.

Kíndìnrín ló ń da àṣẹ́kù rẹ̀ sínú ìtọ̀. Tó bá kọṣẹ́, pòtásíọ̀mù á kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn á dín kù, ọ̀pọ̀ ihò tí sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì á tì pa, iná tó ń mú ọkàn lù á wá máa falẹ̀. Lórí ìwé ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya iná ọkàn, ìlà tí wọ́n ń pè ní ìgbì T á ga ṣóńṣó, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n ń pè ní QRS á fẹ̀. Ọkàn lè dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹlòmíì kì í tiẹ̀ mọ nǹkan kan lára tẹ́lẹ̀!

Nílé ìwòsàn, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fa kálísíọ̀mù sí aláìsàn lára. Kò dín pòtásíọ̀mù kù rárá o, ọkàn ló ń dáàbò bò fúngbà díẹ̀. Ínsúlíìnì pẹ̀lú glúkóòsì ló ń ti pòtásíọ̀mù padà sínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló ń kó o kúrò lára.

Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru: púpọ̀ nínú wọn, pòtásíọ̀mù ló wà níbẹ̀. Lisinopril àti spironolactone, tí wọ́n jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, náà lè gbé e sókè, àmọ́ ẹ má dá wọn dúró fúnra yín. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.