Ṣé tí mo bá pààrọ̀ theme (ìrísí) blọ́ọ̀gù mi, gbogbo ohun tí mo kọ ò ní lọ?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ blọ́ọ̀gù nípa àwọn ìlú wa, láti Ìyàrà títí dé Ìsánlú, ọdún ìlú o, oúnjẹ o, òwe o. WordPress, ètò tí wọ́n fi ń ṣe blọ́ọ̀gù, ni mo ń lò. Theme dúdú kan tí lẹ́tà ẹ̀ rí bí eérú ni mo mú, ó wù mí gan-an nígbà yẹn. Àfi bí màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe ní kí n wá máa kà á fún òun torí ojú òun ò gbé e. Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ mi má lọ pòórá. Ọ̀rẹ́ mi tún ní èyí tí fọ́tò ẹ̀ ń yí lókè ni kí n mú. — Ọmọ Ìyàrà, Kàbà

ÌDÁHÙN: Okun o, àbúrò mi. Fọkàn balẹ̀, ẹni tó bọ́ bùbá tó wọ agbádá, ara ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó o kọ, fọ́tò, ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sọ sábẹ́ ẹ̀, inú theme kọ́ ni wọ́n wà. Ohun tó lè ṣí kúrò láyè ẹ̀ ni mẹ́nù àtàwọn nǹkan ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, àti CSS (àṣẹ tó ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí) tó o bá fọwọ́ ara ẹ kọ sí Additional CSS, torí theme tó o kọ ọ́ sí ló so mọ́, torí náà dà á kọ síbòmíì kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà lo Live Preview, ìyẹn á jẹ́ kó o rí tuntun náà káwọn èèyàn tó rí i. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Blogger láti fi kọ blọ́ọ̀gù tiyín, ẹ wọ Theme, ẹ tẹ Backup, kẹ́ ẹ tọ́jú fáìlì yẹn.)

Ní ti àwọ̀, màmá ẹ ló jàre. Lẹ́tà eérú lórí dúdú, ta ló fẹ́ kà á nínú oòrùn ọjà Kàbà? WCAG, ìlànà tó ń mú kí ojú ìwé ayélujára rọrùn fún gbogbo èèyàn láti lò, ní ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àárín lẹ́tà tí ò tóbi àti ẹ̀yìn ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní 4.5 sí 1, dúdú lórí funfun sì jẹ́ 21 sí 1.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú ni fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà téèyàn mú. Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí, mo mú fọ́ǹtì kan tó rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, mo tẹ “Ẹ̀gbẹ̀” sí àkọlé, ni àmì orí Ẹ bá fò lọ bá g, ẹ tó gbẹ̀yìn sì sanra ju àwọn yòókù lọ bí ẹni pé àlejò ni. Ohun tó fà á ni pé ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode (àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà), àmọ́ tó o bá ti gbé àmì ohùn lé e lórí ó ti di méjì tí wọ́n tò léra, fọ́ǹtì tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó á kàn da nǹkan rú. Fọ́ǹtì tó ń jẹ́ Noto Sans mọ̀ ọ́n tò. Èyíkéyìí tó o bá fẹ́ mú, kọ́kọ́ tẹ “Ẹ̀gbẹ̀” àti “ọ̀ṣọ́” sí i, ní àkọlé, ní lẹ́tà kéékèèké, ní bold, torí fọ́ǹtì àkọlé lè yàtọ̀ sí ti inú, kó o sì wò ó lórí fóònù kékeré, má wò ó lórí láptọ́ọ̀pù ẹ nìkan.

Ti ọ̀rẹ́ ẹ, rárá o. Kí fọ́tò márùn-ún tó ń yí tó jáde tán, dátà ti ń lọ, ẹni tó fẹ́ kàwé ti bá tiẹ̀ lọ. Fọ́tò ẹyọ kan tó o ti dín bó ṣe wúwo kù ti tó.

Tó o bá ti mú ọ̀kan, gbé e fún màmá lórí fóònù tiwọn, má sọ nǹkan kan, jókòó kó o máa wò bóyá wọ́n á fa fóònù yẹn mọ́jú.