Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Abẹ́rẹ́ Kòrónà àti Ohun Tí Ara Ń Ṣe Lẹ́yìn Rẹ̀

Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti bọ́ sóde ní ìparí ọdún 2020 ni lẹ́tà yín ti ń rọ́ wọlé. Wọn ò sì tíì dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé ipò pàjáwìrì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ yín ń gbàgbé láti kọ ni ìgbà: ìṣẹ́jú mélòó, wákàtí mélòó tàbí ọjọ́ mélòó lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀? Òun la kọ́kọ́ ń wá nínú lẹ́tà, torí ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú karùn-ún àti ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n dá ẹni tó wà níwájú mi dúró fún 30. Kí n tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún, òòyì kọ́ mi, mo sì ṣubú. Ṣé ara mi kọ abẹ́rẹ́ náà ni? Ṣé kí n má gba èkejì?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ẹ kàn dákú ni. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́, ebi, ooru àti ìdúró pípẹ́ lórí ìlà ló máa ń fà á, àwọn ọ̀dọ́ ló sì máa ń ṣe jù. Ẹni tó dákú báyìí, ara rẹ̀ á tutù, òógùn á bò ó, ètè rẹ̀ á ṣì, ọkàn rẹ̀ á máa lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ó fi orí gbá ilẹ̀.

Tí ara bá kọ abẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmì rẹ̀ yàtọ̀. Ara á máa yún èèyàn, á sì lé wúruwùru. Ètè tàbí ahọ́n á wú. Mímí á le, àyà á máa dún fíì-fíì. Ọkàn á máa sáré. Èébì náà lè dé. Dídùbúlẹ̀ nìkan kò lè yanjú ìyẹn, oògùn ara yíyún náà kò sì tó. Adrẹnálíìnì ni wọ́n ń gún: 0.5 mg fún àgbàlagbà, ní ẹ̀gbẹ́ itan. Bí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, wọ́n á tún un gún. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, nǹkan bíi 5 nínú mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ Pfizer tàbí Moderna, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń dá gbogbo ènìyàn dúró nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ní kó jókòó fún 30, àfàìmọ̀ kó má ti sọ fún wọn pé ara òun ti kọ abẹ́rẹ́ kan lójú ẹsẹ̀ rí.

Nígbà míì, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ẹ mu omi, ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ máa ń dákú kí ó lè gún yín ní ìdùbúlẹ̀. Bí òòyì bá tún ń bọ̀, ẹ fún iṣan itan àti ti ìdí le fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15, ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀jẹ̀ á padà sí orí. Dídákú kò dí abẹ́rẹ́ kejì lọ́wọ́. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni kí ara ti kọ àkọ́kọ́ gidigidi, tàbí kí ara máa kọ èròjà inú rẹ̀ kan, bíi polyethylene glycol tó wà nínú Pfizer àti Moderna.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ Pfizer kejì, òtútù mú mi mọ́jú, gbogbo oríkèé ń ro mí. Ti ọkọ mi yàtọ̀: AstraZeneca ni wọ́n gbà, àkọ́kọ́ ló gbé wọn dè, èkejì ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ta ni abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ fún nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ibà wọn iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Bó ṣe ṣe yín gan-an ló máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn: Pfizer àti Moderna máa ń le sí i ní ẹ̀ẹ̀kejì, AstraZeneca máa ń le jù ní àkọ́kọ́, àgbàlagbà kì í sì í mọ̀ ọ́n lára tó ọ̀dọ́. Nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n fi gba ìyọ̀ǹda fún Pfizer ní 2020, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 55 lọ ni ibà mú lẹ́yìn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èkejì ó di 16. Nínú àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, 11 ni lẹ́yìn èkejì. Ẹ sì gbọ́ èyí: nínú àwọn tí kò ju 55 lọ tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ òfìfo tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, láìmọ̀ pé òfìfo ni, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ó rẹ àwọn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì. Kì í ṣe gbogbo rírẹ̀ ló ti inú ìgò wá.

Parasítámọ̀: ẹ má lò ó ṣáájú abẹ́rẹ́ nítorí ìbẹ̀rù. Bí ara bá ti ń ro yín, àgbàlagbà lè lo méjì oní-500 mg, kí ó tó wákàtí 4 sí 6 kí ẹ tó tún lò ó, kí ó má sì ju mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi oògùn ọ̀fìnkìn kún un láìmọ̀ pé parasítámọ̀ wà nínú ìyẹn náà. Ọjọ́ kan sí méjì ni ibà abẹ́rẹ́ máa ń lò. Bí ikọ́ bá bá a wá, tàbí tí ẹ ò bá gbọ́ òórùn mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ìbéèrè: Ó ti lé ní oṣù méjì tí wọ́n gún mi, apá náà kò tíì lè ròkè. Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn orí mi.

Ìdáhùn: Ìrora apá tó yẹ kó bá abẹ́rẹ́ wá kì í kọjá ọjọ́ bíi mélòó kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, tí kò lọ, tí kò sì jẹ́ kí apá ròkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n gún ti ga jù. Kò kan ohun tó wà nínú ìgò rárá; abẹ́rẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n gún síbẹ̀ lè ṣe é. Inú iṣan ni wọ́n fẹ́ gún, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wọ inú àpò tó wà láàárín eegun èjìká, ibẹ̀ sì wú.

Ibi tó yẹ ni ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta nísàlẹ̀ ṣóńṣó eegun èjìká, ní àárín iṣan tó nípọn. Tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́, kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìlà abíyá lọ. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ náà wọlé ní òòró gangan. Èyí tó gùn ní 25 mm tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹni tó sanra gan-an lè nílò 38 mm, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ni oògùn á wọ̀, kò ní dé iṣan. Kí ló ń mú wọn gún un sókè jù? Nọ́ọ̀sì á dúró, ẹ̀yin á jókòó, ọwọ́ rẹ̀ á ti òkè wá. Tàbí kí ẹ fa ọrùn aṣọ wálẹ̀ dípò kí ẹ yọ apá aṣọ, kó jẹ́ pé orí èjìká nìkan ló hàn. A ò ní dá nọ́ọ̀sì nìkan lẹ́bi, aṣọ tó há lápá ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ń gún àti ẹni tí wọ́n ń gún jọ jókòó, kí apá hàn láti èjìká dé ìgúnpá.

Ní tiyín báyìí, ẹ má so apá náà rọ̀ kó má baà gan pátápátá. Ẹ lọ bá dókítà eegun tàbí àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, kí ẹ sì sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Moderna ni mo gbà. Apá mi ti san pátápátá, àfi bó ṣe di ọjọ́ kẹjọ tó pọ́n, tó wú, tó ń yún mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní kókó kan yọ sí òun ní abíyá.

Ìdáhùn: Ọjọ́ kẹjọ tí ẹ kọ yẹn ló dáhùn ìbéèrè yín. Pípọ́n àti wíwú tó máa ń pẹ́ kó tó yọ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ Moderna dáadáa, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ló sì máa ń lò kó tó lọ. Kì í ṣe egbò tó kẹ̀, kò nílò oògùn apakòkòrò. Omi tútù àti oògùn ara yíyún tó. Ẹ lè gba èkejì, kí ẹ na apá kejì fún wọn. Kókó ẹ̀gbọ́n yín: bó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ apá tí wọ́n gún, ó wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ ya fọ́tò ọmú, kí wọ́n sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti apá tí wọ́n gún, kí dókítà má baà kà á sí àmì jẹjẹrẹ. Kókó tó bá lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, kí wọ́n jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Mo fojú ara mi rí nọ́ọ̀sì tó ń fa omi sínú ìgò abẹ́rẹ́. Ṣé wọn ò máa bu omi là á kó lè kárí ni? Wọ́n tún dá àwa mẹ́ta padà pé a ò pọ̀ tó.

Ìdáhùn: Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Ìgò Pfizer àkọ́kọ́ tí wọ́n ń lò nígbà náà, olómorí àlùkò, 0.45 mL oògùn tó ki ló wà nínú rẹ̀. Omi iyọ̀ 1.8 mL ni wọ́n ń fi sí i, kó di 2.25 mL, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì gba 0.3 mL. Ẹni tó bá gbàgbé omi iyọ̀ náà á gún ìlọ́po márùn-ún fún èèyàn; ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọn kì í mì ín jìgìjìgì, wọ́n á rọra dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni, torí mímì á ba ọ̀rá wẹ́wẹ́ tó gbé oògùn náà jẹ́. Ènìyàn 6 ni ìgò kan wà fún, ṣùgbọ́n sírínjì lásán máa ń há díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ 5 péré ló máa jáde. Sírínjì tí kì í há oògùn ló ń gba ti ẹkẹfà jáde. Ìyókù tí kò pé 0.3 mL, dídànù ni. Wọn kò gbọ́dọ̀ kó ti ìgò méjì pọ̀.

Bí wọ́n bá ti po ó, láàárín wákàtí 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ìdí tí wọ́n fi dá yín padà nìyẹn: ẹni mẹ́ta á fi ti ẹni mẹ́ta ṣòfò. AstraZeneca, tí wọ́n ti yọ kúrò lọ́jà ní ọdún 2024, kì í gba omi nígbà tí wọ́n ṣì ń lò ó: 0.5 mL fún ẹnì kan, ènìyàn 10 fún ìgò kan, inú firíìjì ló máa ń gbé ní 2 sí 8 °C, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ẹ lè béèrè pé kí wọ́n fi ìgò hàn yín, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí wọ́n ṣí i. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ti kọ aago sí i lára.

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò ní mo ní Kòrónà. Ṣé abẹ́rẹ́ ló kó o bá mi?

Ìdáhùn: Rárá. Kò sí kòkòrò Kòrónà alààyè nínú Pfizer, Moderna tàbí AstraZeneca, wọn kò sì lè mú kí àyẹ̀wò imú sọ pé ẹ ní i. Ẹni tó kó o lónìí lè lo ọjọ́ 2 sí 14 kó tó hàn, ara sì nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rí okun gidi fà yọ nínú abẹ́rẹ́. Ẹ kó o ṣáájú abẹ́rẹ́ tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá lórí ìlà náà gan-an. Ẹ dúró kí ara yín yá kí ẹ tó gba èkejì.

Bí ọjọ́ èkejì bá tilẹ̀ kọjá tipẹ́, bí àwọn mìíràn ti ń béèrè, ẹ kàn lọ gbà á. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Bàbá mi ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣé wọ́n lè gún wọn?

Ìdáhùn: Wọ́n lè gún wọn, bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá ti pẹ́ jù, tí kò sì kọjá ìwọ̀n. Kí wọ́n lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, nọ́ńbà 23 tàbí 25, kí wọ́n sì tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán láìfọwọ́ ra á.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí mo ti dé ilé?

Ìdáhùn: Àyà dídùn, èémí tó ń gé tàbí ọkàn tó ń lù kìkì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá lára ọ̀dọ́mọkùnrin lẹ́yìn Pfizer tàbí Moderna kejì: ọkàn lè ti wú. Èyí tó pọ̀ jù ló ń san, ṣùgbọ́n kí ó fi eré sísá àti bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí dókítà á fi yọ̀ǹda. Fún àwọn tó gba AstraZeneca tàbí ti Johnson & Johnson, ọjọ́ bíi kẹrin sí ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n ń ṣọ́: ẹ̀fọ́rí líle tí kò gbọ́ parasítámọ̀, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ikùn tó ń dùn láìdáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ kan tó wú, àmì ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó lára. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀. Ẹ tètè dárúkọ abẹ́rẹ́ tí ẹ gbà fún dókítà, torí heparin tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì kọ́ ni wọ́n ń fẹ́ lò fún irú èyí. Àwọn méjèèjì ṣọ̀wọ́n.

Ìbéèrè: Káàdì mi sọnù.

Ìdáhùn: Ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti gún yín, orúkọ yín wà nínú ìwé wọn. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì rántí nọ́ńbà fóònù tí ẹ fún wọn nígbà náà. Fóònù tí ẹ ti pààrọ̀ àti orúkọ tí wọ́n ṣì kọ ló máa ń dí wọn lọ́wọ́ jù. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà lórí èyí tí wọ́n bá tún kọ fún yín: orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín gẹ́lẹ́, irú abẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ẹ gbà á, àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò. Tí nọ́ńbà ìgò kò bá hàn ketekete, ẹ má kúrò níbẹ̀.