Svalbard tàbí Galápagos: ibo ni ká kó ìbejì àti màmá lọ?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Leeds la wà, èmi àti bàálé mi. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa: ọkùnrin ọmọ ọdún 14, àti ìbejì ọmọ ọdún 8. Ó pẹ́ tí a ti ń tọ́jú owó pamọ́ ká lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí ẹranko ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Àkọ́bí wa ò fẹ́ gbọ́ ibòmíì ju Svalbard lọ, nítorí béárì funfun. Bàálé mi ní Galápagos ni. Màmá mi máa ti Abẹ́òkúta wá bá wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, páálí Nàìjíríà ni wọ́n sì ń lò. Páálí Ìlú Ọba ni tiwa. Ọlidé oṣù kẹjọ la ní lọ́kàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa mú?

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Aberdeen ni àwa ń gbé, a ti kó àwọn ọmọ tiwa dé ibi méjèèjì, mo sì fẹ́ràn àwọn méjèèjì dénú. Galápagos ni mo máa mú fún ilé yín báyìí, kì í sì í ṣe oṣù kẹjọ ni mo máa lọ. Ọlidé Ọdún Àjíǹde ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Svalbard, nítorí àkọ́bí yín. Nọ́ọ́wè ló ni àwọn erékùṣù náà. Ní Longyearbyen, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń gbéra, oòrùn kì í wọ̀ rárá láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹrin títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ. Béárì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, òfin ti dé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún mọ́ béárì ju 300 mítà lọ, àti pé láti oṣù kẹta títí dé òpin oṣù kẹfà, 500 mítà ni. Mo fara mọ́ òfin yẹn pátápátá. Béárì tó ń dọdẹ, tàbí abiyamọ tó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, kò yẹ kí ọkọ̀ máa dà á láàmú. Àmọ́ ohun tó já sí ni pé gbogbo yín lè dúró fún wákàtí púpọ̀ nínú òtútù lórí ọkọ̀, kí ẹ tó fi awò tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn súnmọ́ rí nǹkan kan tó dà bí àmì funfun lórí yìnyín. Ọmọ ọdún 14 tí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ á dúró, inú rẹ̀ á sì dùn. Ó máa sú ìbejì yín. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, afinimọ̀nà tó gbé ìbọn ló máa ṣáájú, gbogbo yín á sì rìn pọ̀ ní ẹgbẹ́ kan. Ọmọ ò lè yà kúrò lọ wo ohun tó bá wù ú. Tó bá tún wá jẹ́ oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ òkun tó máa ń kún ara òkè Alkefjellet bámúbámú á ti fò lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń fi ibẹ̀ ṣeré o. Ohun kan wà níbẹ̀ tó kàn wá. Nítòsí pápákọ̀ òfurufú Longyearbyen ni ilé ìpamọ́ irúgbìn àgbáyé wà, èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2008. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó irúgbìn lọ síbẹ̀, ẹ̀wà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kó lọ. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, ẹnu ọ̀nà nìkan lèèyàn ń rí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, orí mi sì wú.

Galápagos yàtọ̀ pátápátá. Ecuador ló ni ín, ó jìnnà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí etíkun wọn, ìlà agbedeméjì ayé sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló ru àwọn erékùṣù náà jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, wọn ò sì so mọ́ ilẹ̀ ńlá kankan rí. Ẹranko apẹran ńlá ò bá àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ gbé. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá. Mítà méjì ni òfin ní kí ẹ fi jìnnà sí wọn, ẹ kò sì ní nílò awò kankan. Ọmọ tó bá fi gíláàsì bojú tó dorí kodò sínú omi á rí kìnnìún òkun tó ń yí po òun, tó ń wò ó lójú. Aláǹgbá dúdú kan wà níbẹ̀, iguana, tó ń wọ inú òkun lọ jẹ ewédò. Kò sí aláǹgbá mìíràn láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá padà sórí àpáta, á máa sín iyọ̀ jáde nímú. Àbíkẹ́yìn mi jókòó síwájú ọ̀kan, kò fẹ́ dìde mọ́. Pẹngúínì náà wà níbẹ̀, ní ilẹ̀ olóoru.

Màmá ni mo tún rò jù. Ní òkè erékùṣù Santa Cruz, àwọn ìjàpá ńlá máa ń rìn kiri nínú oko àwọn àgbẹ̀, lórí pápá tẹ́jú tí orúnkún àgbà lè gbà. Òmíràn lára wọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ jẹ́ kí màmá pa àlọ́ Ìjàpá fún ìbejì níbẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ èyí tí kì í ṣe àlọ́: nígbà kan, àwọn atukọ̀ tó ń dọdẹ àbùùbùtán kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìjàpá wọ̀nyí sínú ọkọ̀ fún jíjẹ, torí pé wọ́n lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀ láìjẹ láìmu. Èyí tó kẹ́yìn nínú irú kan lára wọn, tó ń jẹ́ Lonesome George, kú ní ọdún 2012, irú rẹ̀ sì parẹ́. Àwọn ọmọ mi béèrè ìbéèrè lórí èyí ju ohun gbogbo yòókù lọ.

Nítorí màmá, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ mú ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ fi ìyókù sùn ní Puerto Ayora, ìlú kan ní Santa Cruz. Ọkọ̀ kankan níbẹ̀ kì í kó ju 100 èrò lọ, ọ̀pọ̀ kì í sì í kó ju 16. Mo fẹ́ràn àwọn kékeré yẹn, ṣùgbọ́n òkun máa ń mì wọ́n gan-an. Ìyẹn ni mo fi ní kí ẹ lọ ní oṣù kẹrin. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kọkànlá, omi máa ń tutù, òkun sì máa ń ru. Oṣù kẹjọ wà lára èyí tó le jù. Ní oṣù kẹrin, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìgbì rọlẹ̀, àwọn ẹyẹ albatross sì ti ń padà sí erékùṣù Española. Owó máa ń ga nígbà Ọdún Àjíǹde o, ẹ tètè sanwó ọkọ̀. Ẹ má yọ àwọn ọmọ nílé ìwé láti fi sá fún owó yẹn. Ní England, 80 pọ́n-ùn ni wọ́n ń bu lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí ìbejì sì mọ omi wẹ̀ dáadáa kó tó dìgbà náà.

Owó ìwọlé ọgbà ìtọ́jú ẹranko Galápagos jẹ́ 200 dọ́là fún àgbà, 100 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Àgbà ni wọ́n máa ka àkọ́bí yín sí. Gbogbo yín á san 1,000 dọ́là, owó lọ́wọ́ ni kí ẹ mú dání. Wọ́n ń tú ẹrù wò kí èèyàn tó wọlé, nítorí náà ẹ sọ fún màmá kí wọ́n má di ata tútù, èso tàbí irúgbìn kankan sí báàgì.

Ẹ gba Guayaquil, ìlú etíkun Ecuador, kì í ṣe Quito olú ìlú wọn, nítorí Quito ga tó nǹkan bí 2,850 mítà, kò sì rọrùn fún àgbàlagbà láti mí níbẹ̀. Ìwà ọ̀daràn ń da Guayaquil láàmú láti ọdún mélòó kan, ẹ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá pápákọ̀ kí ẹ sì gbéra láàárọ̀.

Ẹ bá àkọ́bí yín jókòó, kí ẹ ṣàlàyé fún un pé Svalbard ò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá tó ọdún 16 tàbí 17, kí bàbá rẹ̀ mú un lọ ní oṣù keje, àwọn méjì péré.

Ọ̀rọ̀ físà màmá ni kí ẹ fi ṣáájú ohun gbogbo. Wọ́n nílò físà Ecuador, tí ọkọ̀ òfurufú yín bá sì gba Madrid tàbí Amsterdam, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gba físà ìkọjá níbẹ̀. Svalbard fúnra rẹ̀ kì í béèrè físà, ṣùgbọ́n Oslo lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà débẹ̀, bí ẹ sì ṣe ń padà, ẹ tún ń wọ Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà) lẹ́ẹ̀kejì. Físà oníwọlé-ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá ì bá gbà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má san owó ọkọ̀ tí wọn kì í dá padà títí físà màmá fi máa jáde.