Ọ̀dà wo ni ó lè mú fóòmù bọ́ọ̀dù le? Ìdáhùn fún ẹni tí ń kọ́ ibùdó Dùgbẹ̀ sórí tábìlì

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Bódìjà ni mo sì ń gbé. Ọmọ mi fi ọkọ̀ ojú irin kékeré oníná ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. HO ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ìyẹn ni pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti ọkọ̀ gidi. Mo ti to irin rẹ̀ sórí plywood odindi kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, mo sì fẹ́ fi fóòmù bọ́ọ̀dù kọ́ ibùdó rélùwéè Dùgbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà. Mo ti fi 87 pín gbogbo ìwọ̀n ilé náà. Ẹnì kan tí ń ta ọ̀dà sọ pé bí mo bá po tínà mọ́ ọ̀dà mọ́tò tí mo sì fọ́n ọn sí fóòmù náà, yóò le bí òkúta, kò sì ní bàjẹ́ láéláé. Irú ọ̀dà wo ni ó dára jù?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àṣelà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ọ̀dà kankan. Ohun tí ó wà láàárín bébà méjèèjì tí ó bo fóòmù bọ́ọ̀dù ni polystyrene, irú fóòmù funfun kan náà tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ inú páálí. Tínà a máa yọ́ ọ, bẹntiróòlù a máa yọ́ ọ, asẹ́tóònù tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná náà a sì máa yọ́ ọ. Bébà ojú rẹ̀ lè gbà á sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n etí ibi tí ẹ fi abẹ gé, àti ibi tí ẹ lu sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kò ní bébà lára. Ibẹ̀ ni tínà yóò gbà wọlé, tí inú ògiri yóò sì ti jẹ tán kí ẹ tó mọ̀. Súpà gúlù tí a ń rà lójú títì náà a máa jẹ ẹ́. Irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yìí ń dé etígbọ̀ọ́ mi lemọ́lemọ́, ó sì ń bí mi nínú, nítorí àwọn tí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà ni owó wọn ń ṣòfò.

Síbẹ̀, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ìbéèrè yín ni ó gba àlàyé ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ. Ẹ ti gbà lọ́kàn yín pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti fi 87 pín ìwọ̀n ilé, ilé náà ti parí lórí ìwé, tí ó fi jẹ́ pé ó kù kí ẹ gé e kí ẹ sì mú un le. Èrò yìí ni ó ń ba tábìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ilé tí a kọ́kọ́ fi fóòmù bọ́ọ̀dù kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ilé ìdánwò ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó gba ààyè sílẹ̀ de ilé gidi, ìyẹn èyí tí ẹ ó kọ́ sórí tábìlì nígbẹ̀yìn, kí ojú rí i níbi tí yóò wà, kí ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a gé e, kí a fi ẹ̀là mọ́ ọn, kí a tún gé e, títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi bá ibẹ̀ mu. Télọ̀ tí ó ń fi píìnì mú aṣọ mọ́ oníbàárà lára mọ̀ pé òun ṣì máa tú u. Bí ẹ bá sọ ilé ìdánwò di òkúta, ìdánwò ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò náà, olùkọ́ ṣáà ni yín. HO túmọ̀ sí pé mílímítà 1 lórí tábìlì dúró fún mílímítà 87 ní ojú ayé. Kọ́ọ̀ṣì èrò kan tí ó gùn ní mítà 25 yóò di mílímítà 287. Bí ẹ bá fẹ́ pèpéle tí kọ́ọ̀ṣì 10 lè dúró tì, gígùn rẹ̀ yóò lé ní mílímítà 2,870 kí a tó ka ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo gígùn plywood yín kò ju nǹkan bíi mílímítà 2,440 lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń dín ilé kù pẹ̀lú ọgbọ́n. Wọn a fi ìwọ̀n ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 87 ṣe pín in, nítorí ère ènìyàn tí yóò dúró níbẹ̀ ga ní nǹkan bíi mílímítà 20, orí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbá àtẹ́rígbà. Ṣùgbọ́n wọn a yọ lára iye òpó àti iye fèrèsé: ibi tí òpó 12 wà, wọ́n lè fi 5 sí i, ẹni tí ó bá mọ ibùdó náà yóò sì tún mọ̀ ọ́n. Mélòó ni kí ẹ yọ? Kò sí pínpín tí ó lè dáhùn ìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò rí ìdáhùn, nígbà tí ẹ bá gbé fóòmù kalẹ̀ tí ẹ sì jókòó síwájú rẹ̀.

Níwọ̀n bí a ti wà lórí ìṣirò, irin tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ fẹ̀ ní mílímítà 16.5. Ẹ fi 87 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fún yín ní nǹkan bíi 1,435, èyí tí í ṣe ìbú irin tuntun tí ó ti Èkó wá sí Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí ní 2021. Irin àtijọ́ tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, èyí tí ó ni ibùdó Dùgbẹ̀, mílímítà 1,067 péré ni ìbú rẹ̀. Èmi kò ní kí ẹ torí èyí kó irin yín dànù, ẹ kàn mọ̀ pé ìṣirò tí ẹ gbára lé ti ní àlàfo kí a tó dé orí ilé rárá.

Ìdánwò tí n kò lè fi ojú fò ni ti ibi tí irin ti ń tẹ̀ kọrọdọ. Nínú àpótí irú èyí tí ẹ gbà, irin tí ó tẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó fi íǹṣì 18, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 457, jìnnà sí àárín òbírí rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì gígùn kò lè tẹ̀ bí irin ṣe tẹ̀. Bí ó bá ń yí, àárín rẹ̀ a ya sínú, orí àti ìdí rẹ̀ a sì ya sóde. Fún kọ́ọ̀ṣì onímílímítà 287 tí àlàfo 200 wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, yíyà náà jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 11 sínú, ó sì lé díẹ̀ ní iye yẹn sóde pẹ̀lú. Pèpéle tí kò ní ìṣòro kankan níbi tí irin ti lọ tààrà yóò gbá ìhà kọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá sún un díẹ̀ wọ ibi tí irin ti tẹ̀. Ẹ mú ọkọ̀ tí ó gùn jù lọ nínú àwọn tí ẹ ní, ẹ fi ọwọ́ tì í jẹ́jẹ́, lọ àti bọ̀. Ibi tí ó bá ti ha fóòmù, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, kí ẹ gé e kúrò lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó síbi tí ẹ ó ti máa wo ọkọ̀ lójoojúmọ́, kí ojú yín sì wà ní ìwọ̀n gíga tí yóò máa wà. Ilé tí ó lẹ́wà lórí ìwé lè bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá tí ẹ bá gbé e síwájú. Ẹ na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 lórí tábìlì, plywood yín sì fẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ó bá fara ti ògiri, tí ọkọ̀ sì yẹ̀ lójú irin lẹ́yìn ibùdó, apá yín ni yóò wó òrùlé.

Ní ti ẹ̀yìn tábìlì, ẹ gun òkè Mápó lọ́jọ́ kan tí ojú ọjọ́ mọ́, kí ẹ wo àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípata, tí wọ́n tò tẹ̀léra títí ojú kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn kí n máa rí i lórí tábìlì àwọn ará Ìbàdàn, àmọ́ àwọn ènìyàn ń rò pé odindi ilé ni ó yẹ kí wọ́n kọ́. Ilé ẹ̀yìn kò nílò ju ojú iwájú rẹ̀ lọ. Ẹ gé e kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20 tàbí 30, ẹ tò ó mọ́ ògiri ní ìpele ìpele, kí ti ẹ̀yìn kéré díẹ̀ ju ti iwájú lọ, ìlú yóò sì jìnnà lójú. Iye ìpele tí ó tó, fóòmù ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ máa fi kún un, kí ẹ sì máa yọ ọ́.

Fóòmù onímílímítà 5 ni ẹ ó rí jù ní àwọn ìsọ̀ ohun èlò ìkọ̀wé. Ní HO, ó dúró fún ògiri tí ó nípọn ní mílímítà 435, èyí tí ó pọ̀ jù fún ilé gidi ṣùgbọ́n tí kò ṣe nǹkan fún ìdánwò. Onímílímítà 3 ni ó sún mọ́ búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 tiwa. Bí ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn bá bo etí ògiri ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ mílímítà 10 kúrò lára gígùn ògiri ẹ̀gbẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé yóò gùn ju bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Ẹ lo abẹ tuntun àti rúlà onírin, kí ẹ fà á ní ìgbà mẹ́ta: bébà òkè, fóòmù, bébà ìsàlẹ̀. Abẹ tí ó kú a máa ya fóòmù jágajàga ni. Píìnì àti téèpù ti tó láti fi dè é. Bí ẹ bá fẹ́ gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò, díẹ̀díẹ̀.

Èmi kò rí yàrá yín, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iná tí ẹ fà sábẹ́ tábìlì; ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wò ó. Ẹ má fi gílóòbù tí ń gbóná sínú ilé fóòmù, nítorí polystyrene a máa gbiná kíákíá, èéfín rẹ̀ sì burú. Bí àwọn ọmọ-ọmọ yín bá wá kí yín, ẹ kó abẹ pamọ́.

Nígbà tí ìwọ̀n bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tú téèpù, ẹ tẹ́ àwọn ògiri náà sílẹ̀, kí ẹ fi wọ́n ṣe àwòrán ìgé fún ilé gidi, ì báà jẹ́ ti páálí líle tàbí ti plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó bá wù yín kí ilé gidi náà jẹ́ fóòmù bọ́ọ̀dù, ó ṣeé ṣe: ọ̀dà olómi ni kí ẹ kùn ún, ojú méjèèjì, nítorí bí ẹ bá kun ojú kan, pàápàá nígbà òjò, bébà yóò fa omi, ògiri yóò sì ká. Ẹ kọ́kọ́ kùn ún sára àjákù, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri fúnra rẹ̀.