Ẹ Bi Oníjìtá: "Mo Fẹ́ Kan Jìtá Tèmi, Ibo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀?"

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, ní Lágéré. Káfíńtà ni bàbá mi, èmi náà mọ ayùn àti ìfági lò díẹ̀, mo sì máa ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n kan jìtá oníná fúnra mi. Mo ti ya bó ṣe máa rí sórí páálí, ó rẹwà gan an, ó dà bí ẹyẹ tó na ìyẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó kàn. Ṣé kí n kàn gé pákó bí mo ṣe yà á yẹn ni? Pákó wo ló dáa? Nǹkan inú ẹ̀ tó ń jẹ́ kó dún ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.
Ọmọ Káfíńtà, Lágéré

Ọmọ Káfíńtà, inú mi dùn sí lẹ́tà ẹ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ẹyẹ tó o yà yẹn, gbé e pamọ́ ná. Mi ò ní kó o jù ú nù o, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí ìlà kan ṣoṣo la ti ń bẹ̀rẹ̀. Mú páálí míì tó gùn tó mítà kan, fa ìlà kan gbọọrọ láàárín ẹ̀ látòkè délẹ̀, gbogbo ohun tó o bá máa ṣe lẹ́yìn náà, ọrùn o, píkọ́ọ̀pù tó ń gbé ìró okùn lọ sí ańpílífáyà o, bírííjì tí okùn ń fẹ̀yìn lé nísàlẹ̀ o, orí ìlà yẹn ni wọ́n máa jókòó sí. Kó o wá sàmì sí ibi méjì lórí ẹ̀: ibi tí okùn ti kúrò ní orí jìtá, ìyẹn eegun funfun kékeré tó ní ojú mẹ́fà tá à ń pè ní nọ́ọ̀tì, àti ibi tí okùn máa fẹ̀yìn lé lórí bírííjì. Àárín àmì méjèèjì yẹn ni gígùn okùn ẹ, òun ló máa sọ ibi tí gbogbo nǹkan yòókù máa wà. Stratocaster, jìtá oníná tí ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1954, íńṣì 25 àbọ̀ ni tiẹ̀, ìyẹn mílímítà 648. Ilé iṣẹ́ Gibson tí òun náà ń ṣe jìtá sábà máa ń lo nǹkan bí íńṣì 24 àti mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìwọ mú 648, má wulẹ̀ dá a rò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni fírẹ́ẹ̀tì, irin tín-ín-rín tó wà lójú ọrùn. Ibí yìí ni kó o ti fara balẹ̀ jù. Ìṣirò ẹ̀ rọrùn: pín 648 sí ọ̀nà 17.817, wàá rí 36.37, ibẹ̀ ni fírẹ́ẹ̀tì kìíní wà láti ẹnu nọ́ọ̀tì. Yọ ìyẹn kúrò nínú 648, ó ku 611.63, pín òun náà sí ọ̀nà 17.817, wàá rí 34.33, ìyẹn ni àyè tó wà láàárín fírẹ́ẹ̀tì kìíní sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe máa bá a lọ. Tó o bá dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí 324 géérégé, ìdajì gbogbo ẹ̀. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ìṣirò ẹ ti yà níbì kan, padà lọ wá a.

Nígbà tí èmi ṣe àkọ́kọ́ tèmi, ìṣirò mi pé, ọwọ́ mi ni ò pé. Mo gbé tépù lé fírẹ́ẹ̀tì kìíní kí n tó wọn èkejì, mo tún gbé e lé èkejì kí n tó wọn ẹ̀kẹta, ìdajì mílímítà níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún, nígbà tí mo fi máa dé ìkejìlá mo ti fi mílímítà mẹ́ta ṣìnà. Jìtá yẹn dùn lókè, tó o bá ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ báyìí, kò sí kọ́ọ̀dù tó bára mu mọ́. Mo sunkún sí i ní tòótọ́, torí oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Torí náà ṣírò gbogbo àyè yẹn sórí ìwé, rò ó pọ̀, kó o wá wọn gbogbo fírẹ́ẹ̀tì láti ẹnu nọ́ọ̀tì, má wọn ọ̀kan láti ara èkejì láé. Rúlà irin ni kó o lò, kì í ṣe tépù, pẹ́ńsù tó mú ṣáṣá, kódà tó o bá rí abẹ fín in ó dáa ju pẹ́ńsù lọ.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kó o má kan ọrùn lọ́tẹ̀ yìí. Wá jìtá tòkunbọ̀ tí ara ẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí ọrùn ẹ̀ ṣì dáa, wọn ọ́n láti nọ́ọ̀tì dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, tó bá jẹ́ 324, rà á. Okùn mẹ́fà tí wọ́n bá fà á le, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn yẹn tó nǹkan bíi kílò 45, àpò sìmẹ́ńtì kan kílò 50 ni, o rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn tí wọ́n fi ń dọ́gba pẹ̀lú agbára yẹn kí igi má baà tẹ̀, iṣẹ́ àtifi irin yẹn sínú igi kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fi jìtá kìíní yìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ara, kó o fi ìkejì kọ́ ọrùn.

Ó wá kan pákó, èyí tó dùn mọ́ mi jù láti sọ. Gibson gbé jìtá méjì kan jáde ní 1958, Flying V àti Explorer, àwọn tó ń kó jìtá àtijọ́ jọ ń wá wọn bí ojú. Wọ́n ní korina ni igi ẹ̀. Korina yìí, orúkọ ọjà lásán ni, limba ni igi náà gan an, limba yẹn náà là ń pè ní afárá. Afárá wa yìí o! Igi tí àwọn káfíńtà wa fi ń ṣe sílíìnì. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo lọ fọwọ́ pa pákó kan tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìnkùlé wa, ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Afárá funfun ni kó o bèèrè o, kì í ṣe ìdígbó tí àwọn kan ń pè ní afárá dúdú. Ó fúyẹ́, ó rọrùn gbẹ́, ó sì ń dún dáadáa, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀, torí náà yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò bóyá ó ti lu. Tó ò bá rí afárá, ọ̀gànwó náà dáa púpọ̀. Ìrókò wúwo jù fún èjìká ẹni tó máa dúró ta jìtá ní vigil, lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ sì máa ń yọ ẹlòmíì lẹ́nu nímú àti lójú. Igi yòówù kó o gé, di imú ẹ.

Kó ti gbẹ ló ṣe pàtàkì jù, ju orúkọ igi lọ. Ọdún kan fún íńṣì kan ni àwọn àgbà fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á tò ó sábẹ́ òrùlé, afẹ́fẹ́ á máa gba àárín ẹ̀ kọjá. Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì bọ̀, tí ọyẹ́ bá dé á ká, á sì là níbi tó o lẹ̀ ẹ́. Bi bàbá ẹ, ó ṣeé ṣe kí pákó àtijọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti gbàgbé. Pákó 2 by 8 méjì ni kó o lẹ̀ pọ̀, bàbá ẹ mọ ìyẹn jù mí lọ, kó o wá fá a títí á fi ku nǹkan bíi mílímítà 45 ní nínípọn. Ihò tí ọrùn máa wọ̀, jẹ́ kó jìn tó mílímítà 16, kó fún ọrùn dáadáa débi pé tó o bá di ọrùn mú tó o gbé e sókè láìtíì fi sìkúrúù sí i, ara ò ní já bọ́.

Nǹkan inú ẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Píkọ́ọ̀pù ò ju òòfà lọ tí wọ́n fi wáyà bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí wé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìgbà. Okùn irin bá ń gbọ̀n lókè ẹ̀, iná kékeré á máa jáde nínú wáyà, ìyẹn ló ń lọ bá ańpílífáyà. Ra èyí tí wọ́n ti wé, má wé e fúnra ẹ nísìnyí. Kó o wá lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe kó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì, wáyà tó wà níbẹ̀ ò pọ̀. Leo Fender tó dá ilé iṣẹ́ Fender sílẹ̀ fúnra ẹ̀, rédíò ló ń tún ṣe ní Fullerton ní California, kò sì mọ jìtá ta.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti wà lórí páálí, mú ẹyẹ ẹ wá, kó o fi yí wọn ká. Ìrísí kọ́ ló ń mú kó dún: Les Paul, oníjìtá ará Amẹ́ríkà kan, ní nǹkan bí 1940, pákó 4 by 4 gbọọrọ ló fi okùn sí, ó sì dún, ẹ̀yìn ẹ̀ ló wá lẹ ẹ̀gbẹ́ jìtá mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì kó lè jọ jìtá lójú èèyàn.

Ẹ kú àárọ̀ sà, ṣé mo lè fi okùn ìpẹja sí jìtá oníná? Okùn tòótọ́ ti wọ́n jù.
Láti Mọdákẹ́kẹ́

Rárá o. Òòfà ò mọ ọ̀rá, irin ló mọ̀. Wàá gbọ́ ọ létí díẹ̀, sípíkà ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ra okùn irin tó kéré lówó jù, fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó o bá ta á tán, á pẹ́ fún ẹ.

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé, mò ń tajà ní Àtàkúnmọ̀sà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, kan jìtá fúnra ẹ̀, ó sì ń dún, àmọ́ ó ń kùn bí oyin, tó bá wá fọwọ́ kan okùn, kíkùn yẹn á tún pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ Sunday, ó ní bí ètè òun ṣe kan máìkì, nǹkan gbá òun lẹ́nu. Ẹ̀rù ń bà mí.
Ìyá Oníjìtá, Iléṣà

Màmá, ẹ kú ìnáwó ọmọ o, mo bá yín yọ̀ fún ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un. Ọ̀rọ̀ méjì lẹ kọ yìí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Kíkùn yẹn fúnra ẹ̀ ò léwu. Tó bá ń pọ̀ sí i bó ṣe fọwọ́ kan okùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbé wáyà méjì tó wà níbi tí wọ́n ti ń ki kébù bọ̀ fún ara wọn, tí wáyà tó ti abẹ́ bírííjì wá síbẹ̀ kò fi sí lójú ibi tó yẹ. Kó ṣí i kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá tún un ṣe tán tó ṣì ń kùn díẹ̀, kó fi bébà bàbà bo inú ihò tí wáyà wà, kó so òun náà mọ́ wáyà yẹn. Tó bá jẹ́ píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan ló lò, ìyẹn èyí tó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo, kíkùn díẹ̀ máa ṣẹ́ kù, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Èyí tó gbá a lẹ́nu ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, ẹ ò ṣì í rò. Kì í ṣe ẹ̀bi jìtá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ańpílífáyà yẹn ni kò ní wáyà ilẹ̀ tí àwọn oníná ń pè ní earth, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n kì í sí ni kò ní in. Iná á wá máa sá sí ara ańpílífáyà, á gba kébù dé orí okùn, máìkì sì ti so mọ́ míkísà tó wà níbòmíì, ètè ọmọ yín ló wá so méjèèjì pọ̀. Èyí ti pa àwọn olórin kan rí. Ẹnì kan lè sọ fún un pé kó kàn gé wáyà abẹ́ bírííjì yẹn kúrò kí gbígbá lè dáwọ́ dúró, ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀, ewu yẹn ṣì wà níbẹ̀ nínú ańpílífáyà. Oníná tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ pè kó wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì àti ańpílífáyà náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ańpílífáyà àti míkísà máa mu iná láti ojú kan náà tó ní earth. Kí oníná yẹn tó dé, ọmọ yín lè máa ta jìtá yẹn nílé láìki kébù bọ̀ ọ́.