Ìyá Mọyọ̀, ẹ má tíì san owó àyẹ̀wò yẹn

Ìyá Mọyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní wọ́n kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ IgE (èròjà ara tó máa ń ga bí ara bá kọ nǹkan) àti cytokine fún ọmọ yín nítorí ara tó ń yún un, ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ bóyá atopic dermatitis ni, àìsàn awọ tó ń yún, tó ń lọ tó ń padà. Lójú tèmi, ẹ ṣì mú owó yín dání.

Ojú wa rí nǹkan nílé yìí. Bí iná bá ti lọ lóru tí ooru mú, ọmọbìnrin mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀yìn orúnkún àti kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ẹ̀jẹ̀ á ti gbẹ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, a ó máa fi omi rin ín kí a tó lè ṣí i kúrò lára rẹ̀, igbe ni. Mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú títí apá èmi náà á fi kú. Ilé àyẹ̀wò kan gba owó gọbọi lọ́wọ́ wa. Dókítà tó rán wa lọ wo ìwé náà fìrí, ó ní IgE ga, ó kọ Piriton. Kò tilẹ̀ ká apá aṣọ ọmọ sókè wò! Ó ṣì ń dùn mí. Aràn inú náà máa ń mú IgE ga, ta ni kò sì mọ̀ pé aràn ń bá ọmọ jà níbí?

Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún wa nìyí. Cytokine ni púrótéènì tí àwọn sójà ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Nínú àìsàn yìí, IL-4 àti IL-13, méjì nínú àwọn cytokine náà, máa ń pọ̀ jù. Wọ́n á dín filaggrin tó ń mú kí awọ dí dáadáa kù, omi ara á máa gbẹ lọ, ìdọ̀tí á máa ráyè wọlé. IL-31 ní tirẹ̀, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ló ń bá lọ tààrà, ni ara á bá máa yún. Ìdí nìyẹn tí Piriton fi ń kun ọmọ lóorun tí yíyún kò lọ: histamine, èròjà ara kan tó ń fa yíyún, ló ń dínà, histamine kọ́ ló sì wà nídìí púpọ̀ nínú yíyún yìí.

Ní Jàpáànù, wọ́n ń wọn TARC, ọ̀kan nínú irú púrótéènì ìránṣẹ́ wọ̀nyí, nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Bí awọ bá ń san, á máa wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi dá àìsàn náà mọ̀. Ojú ni dókítà fi ń dá a mọ̀: ibi tó ń yún, bó ṣe ń lọ tó ń padà, bóyá ikọ́ fée wà nínú ìdílé. Abẹ́rẹ́ dupilumab tó ń dínà IL-4 àti IL-13, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, tí wọ́n sì gbà fún ọmọ oṣù 6 ní 2022, kò nílò èsì cytokine kankan kí wọ́n tó kọ ọ́. Owó rẹ̀ ni kò ṣe é gbọ́.

Ẹ má sì fọwọ́ kan ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń rọ sínú ike lọ́jà. Clobetasol, oògùn steroid tó le gan-an, wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ara á kọ́kọ́ dán, lẹ́yìn náà awọ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀wù onírun nígbà ọyẹ́ náà, ẹ gbé e jù sílẹ̀.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi òrí tó mọ́ pa á kí ara tó gbẹ tán, ẹ ti mọ ìyẹn. Dókítà awọ ara ni kí ẹ náwó lé. Bí ẹ kò bá rí i ní Òṣogbo, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ifẹ̀.

Bí egbò náà bá ń ṣọyún, tàbí tí roro wẹ́wẹ́ ṣùjọ sí i tí ara ọmọ gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.